Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Ọkùnrin Limoges tó fi Gíríìkì jẹun

Lóṣù tó kọjá, mo kàn fẹnu ba orúkọ Jean Dorat ni, Faransé kan tó gbé ayé ní nǹkan bí 450 ọdún sẹ́yìn, tó ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì àtijọ́, tó sì tún ń kéwì. Gbólóhùn kan péré ni mo sọ, lẹ́tà sì ya wọlé. Mo ti ń retí pé ọ̀rọ̀ owó ilé ni ẹ ó tún kọ sí mi. Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Màmá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi wọ yunifásítì ní Zaria, Faransé ló ń kọ́. Ọkàn mi ti balẹ̀ pé tó bá jáde, ECOWAS wà ní Asokoro níbí, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má nílò ẹni tó gbọ́ Faransé. Àfi bó ṣe ka ohun tí ẹ kọ tó ní Jean Dorat yẹn wu òun, òun náà fẹ́ kọ́ Gíríìkì mọ́ Faransé. Ta ni ọkùnrin yìí gan-an? Ṣé ó rí jẹ nídìí iṣẹ́ náà? Kí ni kí n sọ fún ọmọ? *Bàbá kan, òṣìṣẹ́ ìjọba, Kubwa.*

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkùnrin tó wu ọmọ yín ti kú láti 1588, kò lè rán alárinà wá sí Kubwa.

Limoges ni wọ́n bí i sí ní 1508, ìlú kan tó jìnnà sí Paris dáadáa. Dinemandi ni orúkọ ìdílé wọn, òun ló sọ ara rẹ̀ di Dorat. Ó kàwé nílé, ó kọrí sí Paris, wọ́n mú un dé iwájú Ọba François Kìíní, ọba sì ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìránṣẹ́ láàfin níwèé. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sílé ọlọ́lá kan, Lazare de Baïf, tó ti ṣe aṣojú ọba ní Venice rí, tó sì fẹ́ kí ọmọ òun, Jean-Antoine, mọ Gíríìkì. Ohun tí àwa ń pè ní tíṣà lẹ́sìnì gan-an ni. Mo mọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo wà ní Kàdúná, mo máa ń kọ́ ọmọ ọ̀gá kan ní Faransé nírọ̀lẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò wọn, owó oṣù tó gbẹ̀yìn sì wà lọ́rùn ìyá rẹ̀ títí dòní.

Ní 1547, Dorat di olórí Collège de Coqueret, ilé ìwé kékeré kan ní Paris. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ọmọ Baïf tẹ̀ lé e lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn náà bá wọn lọ, Pierre de Ronsard, ọmọ ìdílé ọlọ́lá tí wọ́n ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ààfin. Àìsàn kan kọlù ú ní nǹkan bí 1540, etí rẹ̀ ò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́, ló bá kọjú síwèé. Ó ti lé lógún ọdún kó tó jókòó ti Gíríìkì. Baïf fi ọdún mẹ́jọ kéré sí i, síbẹ̀ Baïf ló mọ̀ ọ́n jù, òun ló ń tọ́ ẹ̀gbọ́n sọ́nà. Kò sì sí ìtìjú nínú ẹ̀.

Claude Binet, tó kọ ìtàn ayé Ronsard lẹ́yìn ikú rẹ̀, ròyìn bí àwọn méjèèjì ṣe jọ ń kàwé lóru. Àìsùn ti mọ́ Ronsard lára láti ààfin, ó máa ń kàwé títí di aago méjì tàbí mẹ́ta òru. Tí oorun bá wá fẹ́ gbé e lọ, á jí Baïf. Baïf á dìde, á gba àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀, á sì jókòó síbẹ̀ kí ìjókòó tó tutù. Àbẹ́là kan fún ẹni méjì, Gíríìkì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ọmọ yín nígbà tó bá tún ń ráhùn pé wọ́n mú iná lọ ní Samaru.

Binet kan náà ló sọ pé lọ́jọ́ kan Dorat mú eré tí Aeschylus, òǹkọ̀wé eré Gíríìkì àtijọ́, kọ nípa Prometheus, ó ń wo Gíríìkì, ó ń sọ ọ́ ní Faransé wàrà-wàrà láì dúró mí. Ronsard gbọ́ ọ, ó ní kí ló dé tí olùkọ́ òun fi gbé irú ọrọ̀ báyìí pa mọ́ fún òun látọjọ́ yìí. Mo ti kọ́ ọmọ ní Minna, mo ti kọ́ ọmọ ní Kàdúná, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni bóyá ó máa jáde nínú ìdánwò.

Tó bá kan Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, Dorat kì í jẹ́ kí ìtàn jẹ́ ìtàn lásán. Odysseus tó ń rìn kiri lójú omi, tó ń wá ọ̀nà ilé, ẹni tó ń wá ọgbọ́n àti ayọ̀ tòótọ́ ni lójú tirẹ̀, gbogbo ewu tó sì pàdé lọ́nà ló ní ohun tó dúró fún. Bí babaláwo ṣe ń tú ẹsẹ Ifá ló ṣe ń tú u: ẹyẹ tí ẹ gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ẹyẹ lásán, odò náà kì í ṣe odò lásán. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òde òní ò gba ọ̀pọ̀ nínú àlàyé yẹn mọ́. Èmi náà ò rò pé ohun tó wà lọ́kàn Homer nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ tó bá gbọ́ ìtàn lọ́nà yẹn ò ní sùn ní kíláàsì.

Ó dáa, ẹ bi mí bóyá ó rí jẹ. Ní 1556, wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n Gíríìkì ní Collège Royal, èyí tí François Kìíní dá sílẹ̀ ní 1530, tó ń jẹ́ Collège de France lónìí. Ohun tó dára nípa ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá wù lè wọlé wá gbọ́ ẹ̀kọ́ láì san kọ́bọ̀. Ohun tí kò dára ni pé owó àwọn olùkọ́ ọba máa ń pẹ́ kó tó dé, pàápàá nígbà tí ogun ẹ̀sìn láàárín Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì bẹ́ sílẹ̀ ní 1562 tí àpò ìjọba gbẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni yín, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Ní 1567 ó fi ipò náà sílẹ̀ fún Nicolas Goulu, ẹbí rẹ̀.

Ohun tó tún ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ ni ewì. Ọba Charles Kẹsàn-án fún un ní oyè akéwì ọba. Ọba ṣẹ́gun, Dorat kéwì. Ọmọ ọba gbéyàwó, Dorat kéwì. Ènìyàn ńlá kú, ó tún kéwì. Nígbà tí Charles àti ìyàwó rẹ̀ tuntun, Elisabeth ti Austria, fẹ́ wọ ìlú Paris tìlù-tìfọn ní 1571, Dorat àti Ronsard ni wọ́n pè kí wọ́n wá ronú ohun tí wọ́n máa yà sára ẹnu ọ̀nà àti ohun tí wọ́n máa kọ síbẹ̀. Fún gbọ̀ngàn tí ayaba ti máa jẹun, ìtàn inú ewì Gíríìkì gígùn kan tí Nonnus kọ ni Dorat mú pé kí wọ́n yà sára ògiri. Ọdún méjì péré ṣáájú, ní 1569, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ Nonnus jáde nígbà àkọ́kọ́, ní Antwerp. Ẹni tí ìwé tuntun ò fi bẹ́ẹ̀ kọjá lójú rẹ̀ ni.

Wọ́n ní ẹsẹ ewì tó kọ lé ní 15,000, Látìnì àti Gíríìkì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó kó èyí tó dára jù jọ, ó tẹ̀ ẹ́ ní Paris ní 1586. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú pẹ̀lú òde tí wọ́n kọ wọ́n fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ ìnáwó ní Maitama ti gbọ́ irú akéwì bẹ́ẹ̀: bó bá ti gba owó tó sì gbé gbohùngbohùn sílẹ̀, ta ló tún rántí ohun tó wí?

Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, òun ò tẹ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jáde. Eré Aeschylus tó dé ọwọ́ wa ò ju méje lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi dà á kọ láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún. Ẹni tó ń dà á kọ ń tòògbé, ó fo ọ̀rọ̀, ó kọ ọ̀kan dípò èkejì, títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní Venice ní 1518 pẹ̀lú àṣìṣe jìngbìnnì. Dorat á jókòó síwájú kíláàsì, á ka ìlà kan, á ní rárá, akéwì kì í sọ báyìí, ìlù ẹsẹ ò sì tọ̀nà, ohun tó máa wà níbẹ̀ nìyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sí etí ìwé wọn. Willem Canter, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀, tún Aeschylus ṣe. 1580 ni wọ́n tẹ tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti kú nígbà náà. Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Gottfried Hermann, Jámánì tó mọ̀ nípa Gíríìkì ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ní nínú gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan Aeschylus, Dorat ló wà níwájú. Ẹni tó bá ṣí Aeschylus tòde òní yóò bá orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ìwé, ní lẹ́tà wínníwínní.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ parí Faransé rẹ̀ dáadáa ná, kó lọ ṣe tirẹ̀ ní abúlé Faransé tó wà ní Badagry nígbà tí wọ́n bá rán wọn lọ, kó wá mú Gíríìkì mọ́ ọn. ECOWAS tí ẹ fojú sí ò ní sá lọ, èdè Faransé wà lára èdè mẹ́ta tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan náà, Faransé ló kọ́ ní Ìbàdàn. Òun náà ló mú eré tí Euripides, Gíríìkì, kọ nípa àwọn obìnrin Troy, tó gbé e wá sílé lọ́dọ̀ àwọn obìnrin Òwu. Ebi ò pa á.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ewì Yorùbá ni mò ń kọ. Wọ́n ní Dorat tí ẹ dárúkọ yẹn ló tọ́ àwọn akéwì ńlá tó tún èdè Faransé ṣe. Kí ló wá dé tí òun fúnra rẹ̀ ń fi Látìnì kéwì? Ṣé kì í ṣe pé ó ń tijú èdè rẹ̀ ni? *Akéwì, Minna.*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o béèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ó kọ díẹ̀ ní Faransé, ṣùgbọ́n kò gbayì. Mi ò rò pé ìtìjú ni. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀mọ̀wé tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun láti Paris dé Róòmù dé Jámánì, Látìnì ló máa fi kọ̀wé. Òun kàn ṣe ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni. Àwọn ọmọ tó kọ́ ni ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, Joachim du Bellay, tẹ ìwé kékeré kan jáde ní 1549 láti gbèjà èdè Faransé. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé èdè ará oko ni, pé kò lè gbé ọ̀rọ̀ ńlá. Du Bellay ní irọ́ ni: kò sí èdè tí wọ́n bí ní olówó, àwọn tó ń sọ ọ́ ló ń sọ ọ́ dolówó. Ó ní kí wọ́n má kàn túmọ̀ Gíríìkì kí wọ́n sì sinmi. Kí wọ́n ṣe bí àwọn ará Róòmù ti ṣe: wọ́n jẹ àwọn Gíríìkì tó dára jù lọ, wọ́n jẹ́ kó dà nínú wọn, ó wá di ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọdún kejì, 1550, ni Ronsard gbé ewì tirẹ̀ jáde ní Faransé, ó ń tẹ̀ lé ọ̀nà Pindar, akéwì àwọn Gíríìkì. Pléiade ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn, orúkọ ìràwọ̀ méje. Àwọn kan ka Dorat mọ́ méje yẹn, àwọn kan ò kà á mọ́ ọn. Ronsard fúnra rẹ̀ ò fẹnu kò síbì kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ rèé. Ronsard kọ̀wé ní 1565 láti fi kọ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ di akéwì. Ǹjẹ́ o mọ ibi tó ní kó lọ? Ó ní kó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, awakọ̀ ojú omi, ọdẹ, alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹni tó ń rọ irin, kó lọ kó ọ̀rọ̀ wọn. Ó ní kó má sì bẹ̀rù ẹ̀ka èdè ìgbèríko tó bá ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Ẹni tó fi òru kọ́ Pindar ló ń sọ pé kí ènìyàn lọ dúró ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ o. Gíríìkì tó mọ̀ ló jẹ́ kó rí ohun tí èdè rẹ̀ ò tíì ní. Ẹni tó gbọ́ èdè kan ṣoṣo kì í mọ ibi tí tirẹ̀ ti kúrú.

Bí o bá fẹ́ ẹ̀rí nítòsí, wá sí kíláàsì Faransé tí mò ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé níbí ní Kubwa. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dénú máa ń pe "bon" àti "pain" gẹ́rẹ́ bí ẹni ń pe "ìbọn" àti "ìyẹn", nítorí imú rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Bó bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, "é" àti "è" Faransé ò lè dẹ́rù bà á. "U" wọn ló máa ń fìyà jẹ ẹ́. Èyí tí ò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀, mọ́mì" lọ, tí gbogbo èdè ilé wọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló máa ń pe "bon" bí "boni". Àwọn ìyá rẹ̀ á ní kò ní ọpọlọ èdè. Ọpọlọ wà. Ẹ ti pa ọ̀kan mọ́ ọn lẹ́nu ni.

Ìbéèrè: Màmá, àwa tá a dàgbà ní Kánò mọ̀ pé Lárúbáwá ni èdè ọ̀mọ̀wé níbí. Gíríìkì ò dé ilẹ̀ yìí rí, àbí? *Oníṣòwò aṣọ, Sabon Gari.*

Ìdáhùn: Ó dé, ó kàn wọ aṣọ Lárúbáwá ni. Ní Baghdad, ní ọ̀rúndún kẹjọ sí ìkẹwàá, wọ́n túmọ̀ ìwé Gíríìkì rẹpẹtẹ sí Lárúbáwá: ìmọ̀ ìṣègùn, ìṣirò, àti ti Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì tí wọ́n ń pè ní Arisṭū. Hunayn ibn Ishaq, Kristẹni tó kú ní 873, ló túmọ̀ púpọ̀ nínú ìwé ìṣègùn Galen. Láti inú ti Aristotle ni ẹ̀kọ́ tí àwọn máálàmù ń pè ní mantiq ti wá, ìyẹn ìmọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń bí èkejì àti bí a ṣe ń mọ èyí tó parọ́.

Ẹ ó ti gbọ́ orúkọ al-Maghili, ọ̀mọ̀wé tó wá sí Kánò nígbà Ọba Muhammadu Rumfa, ẹni tó jọba láti 1463 sí 1499. Òun ló kọ̀wé fún Rumfa nípa bí ọba ṣe yẹ kó ṣèlú. Ọkùnrin náà bá al-Suyuti, ọ̀mọ̀wé Cairo, jiyàn lórí mantiq. Al-Suyuti ní ẹ̀kọ́ kèfèrí ni, kí wọ́n jù ú nù. Al-Maghili ní òtítọ́ kì í di irọ́ nítorí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ wo ọdún rẹ̀: wọn ò tíì bí Dorat.

Ìyàtọ̀ kan ló wà. Ọgbọ́n orí ni àwọn ará Baghdad mú, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mú ewì. Homer àti Pindar ò bá wọn dé. Èyí tó dé Kánò ni Gíríìkì oníyàn jíjà. Gíríìkì olórin ni Dorat ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ṣe é, Màmá. Kúkúrú ni tèmi: níbo lèèyàn ti lè kọ́ Gíríìkì yìí ní Nàìjíríà? *Lugbe.*

Ìdáhùn: Ẹ̀ka Classics, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́, wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Tí Ìbàdàn bá jìnnà, ẹ béèrè ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀. Ti Onítẹ̀bọmi wà ní Kàdúná. Gíríìkì Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ti Homer ti wà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀, ó sì le jù ú lọ, àmọ́ lẹ́tà 24 kan náà ni wọ́n ń lò, ẹni tó bá mọ ti Májẹ̀mú Tuntun á lè máa tẹ̀ lé ti Homer díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ lẹ́tà náà títí tí ẹ ó fi lè kà á láì wojú ìwé. Ìwé tí wọ́n ń tà kiri pé ẹ ó gbọ́ ọ láàárín oṣù kan, ẹ má fi owó yín rà á.